Béárìn àti Sílì: Ìtàn Lọ́rí 911 Tó Kọ́ Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá ń ka àwọn tó kọ́ Àbújá, a máa ń dárúkọ àwọn kọngílá. A kì í dárúkọ lọ́rí 911, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rántí àwọn tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1976 ni òfin dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé láti Èkó. Láàárín méjèèjì, lọ́rí ló ń ru sìmẹ́ńtì, irin àti pákó. UAC ti ń to Bedford pọ̀ ní Àpápá tẹ́lẹ̀, Leyland ń to tirẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tó sì di 1980, ANAMMCO ń to Mercedes ní Emene lẹ́bàá Enugu. Ṣùgbọ́n SAP dé ní 1986, náírà wó, ẹ́ńjìnnì tuntun sì kọjá agbára onílọ́rí. Àtúnṣe ló kù.

Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú 911 ní sílíńdà 6, béárìn ńlá 7 ló sì gbé kíráńkì rẹ̀ dúró. Ìlàjì òrùka méjì-méjì ni béárìn kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin ha irin. Lẹ́yìn, níbi tí kíráńkì ti yọ lọ bá fulaiwíìlì, sílì ló ń sé ọ́ìlì mọ́nú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, okùn ni sílì yìí: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, wọ́n á rọra gbá a wọ ojú ihò rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ gé etí rẹ̀. Rọ́bà ló gbapò rẹ̀ nígbà tó yá. Bí sílì bá ń jò, ọ́ìlì á dé ara kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè.

Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀kan nínú wa ní 911 tó ń jò lẹ́yìn. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí wọ́n tú páànù ọ́ìlì, kí wọ́n wo béárìn. Àwa tí a ní dípúlómà ní kò sówó, sílì nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n tú fulaiwíìlì, wọ́n fi tuntun sí i. Kò pé oṣù kan tó tún ń jò. Àṣé béárìn ti jẹ, kíráńkì ti ní àyè láti máa gbọ̀n, òun ló ń jẹ sílì. Kí a tó gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ti kú lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, nítòsí Abaji. Iye tí onítọ̀hún ta òkú ọkọ̀ náà kò tó san gbèsè tó fi rà á. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ọ̀gá.

Tí kíráńkì bá ti há, wọ́n á lọ fá a. Èyí tí wọ́n fá lẹ́ẹ̀kan, béárìn téńì ló ń wọ̀, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Lẹ́yìn náà tuẹńtì, lẹ́yìn náà tátì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi ìdérí béárìn kan gbé sípò òmíràn, ìfọ́tí ni!

A lọ kí bàbá mẹkáníìkì kan ní Apo lọ́dún yìí. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n to ìdérí 7 sórí páálí, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́mbà sí wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń retí béárìn tuẹńtì láti Èkó.