Ẹja Tí A Pa àti Ẹja Tí A Gbà

Bí ọmọdé Òkè Fìà bá ń fi ẹ̀rọ ṣeré apẹja lónìí, ẹja odò Amazon ni ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Arapaima wà nínú eré Animal Crossing: New Horizons tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2020. Òjìji ńlá ni a ó kọ́kọ́ rí. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì, a ó tẹ bọ́tìnnì kíákíá. Arapaima gidi, ẹja tí ń gbé ẹja mì, lè gùn ju mítà 2 lọ. Ó sì máa ń yọjú sókè omi láti mí, níbi tí apẹja ti ń fi ọ̀kọ̀ gún un.

Ìtàn Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn àgbà sọ pé lẹ́yìn tí Láróòyè rúbọ sí Ọ̀ṣun, ẹja ńlá kan fò jáde, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti inú ‘a-tẹ́wọ́-gba-ẹja’ ni oyè Atáọ́ja ti jáde. Ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni a ka ẹja sí. Nítorí náà, èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ apẹja nìkan kò tó. Ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da omi Ọ̀ṣun rú; ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́dún kí wọ́n má ṣe mu ún. Nínú ẹ̀rọ, bí ẹja kan bá lọ, òmíràn yóò dé. Bí ẹja bá tán nínú Ọ̀ṣun ńkọ́, kí ni Atáọ́ja yóò tẹ́wọ́ gbà?