Annie Sullivan: Ọmọ Òrukàn Tí Ó Di Olùkọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ Annie Sullivan lára. Ọdún 1866 ni a bí i ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn òbí tí ó ti ilẹ̀ Ireland wá. Ó wà ní kékeré nígbà tí àrùn ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò pẹ́ sí i tí bàbá rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1876, a kó òun àti Jimmie, àbúrò rẹ̀, lọ sí ilé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí ní Tewksbury. Àárín àwọn aláìsàn ni wọ́n ń gbé. Láàárín oṣù díẹ̀, Jimmie kú. Ọdún mẹ́rin ni Annie lò níbẹ̀ láìrí ẹni kọ́ ọ níwèé.

Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà. Ní ọdún 1880, àwọn aṣojú ìjọba wá bẹ Tewksbury wò. Frank Sanborn wà lára wọn. Annie ń tẹ̀ lé wọn kiri. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ó ké sí Sanborn pé ilé-ìwé ni òun fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Perkins ní Boston. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Iṣẹ́ abẹ mú kí ó ríran díẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń fi ìka sọ̀rọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ó lè bá Laura Bridgman, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1886, òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú àwọn tí ó jáde.

Ọgbọ́n ìka yìí ni ó sọ ọ́ di olùkọ́ nínú ilé ìdílé Keller ní Alabama. Helen, ọmọ wọn, kò ríran, kò gbọ́ràn. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1887 ni Annie dé ibẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ náà ń sín ìka olùkọ́ rẹ̀ jẹ láìmọ ìtumọ̀. Ní oṣù kẹrin, Annie jẹ́ kí omi ṣàn sí ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì kọ orúkọ omi sí èkejì. Lójijì ni ó yé ọmọ náà pé ohun gbogbo ni ó ní orúkọ. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti mọ ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tuntun. Helen gba oyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe ní ọdún 1904. Annie kú ní ọdún 1936.

Ẹ̀yin òbí wa, iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ àti ẹbí ni mo ń ṣe ní òkè òkun. Mo ti rí àwọn ènìyàn wa tí ojú ń tì nítorí pé ọmọ wọn kò gbọ́ràn tàbí kò ríran dáadáa. Wọ́n ń bẹ̀rù ohun tí ará ilé yóò wí, wọn kò sì jẹ́ kí ilé-ìwé mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń lọ lórí ọmọ. Annie kò ní ìyá tí yóò ké fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ké. Ọmọ tiyín ní ìyá, ó ní bàbá. Ẹ má ṣe dákẹ́.