Ìtàn Ìdílé àti Lẹ́tà Àjàyí Crowther

Bí a bá béèrè ìtàn ìdílé lọ́wọ́ àwọn àgbà wa, Ilé-Ifẹ̀, adé àti ogun ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí agbo ilé tí kì í ṣe ti ọmọ ọba! N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í rántí ẹni tí ń dáná lọ́jọ́ tí ogun wọ̀lú. Lẹ́tà kan tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní Freetown ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1837 rántí rẹ̀.

Àjàyí tó nǹkan bí ọmọ ọdún 13 nígbà tí ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní ọdún 1821. Ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta. Ó ka àwọn tí wọ́n jọ wà: ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àti ìbátan wọn kan. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́. Wọ́n fi ọmọ náà gba ẹṣin, wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, kí ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin, ọdún 1822. Ọdún 15 lẹ́yìn èyí, kò gbàgbé ọmọ ọwọ́ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ nìkan tọ ipasẹ̀ ìdílé yìí yóò ṣìnà. Crowther kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tí wọ́n fún un nígbà ìrìbọmi ní ọdún 1825. Àjàyí pàápàá, orúkọ àmútọ̀runwá ni: ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà ìbí ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ilé yòówù kí ó ti jáde. Ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1846. Nígbà tí ó di ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró àti Àgùdà ní Èkó. Orúkọ orí ìwé wọn kò júwe ilé.

Oríkì orílẹ̀ ni ó ń júwe ilé. Bí a bá ń ki ènìyàn ní ọmọ Oníkòyí, Ìkòyí ni oríkì náà ń tọ́ka sí, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n bí baba ńlá rẹ̀ sí. Ilà ojú àti èèwọ̀ ilé náà a máa ranni lọ́wọ́. Kí ẹ má sì ṣe bi àwọn ọkùnrin nìkan: àwọn ìyàwó ilé mọ oríkì gan-an, ohùn irú wọn ní Òkukù sì ni Karin Barber gbé ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991 lé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, àwọn kan wà tí a mú ìyá ńlá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú, gbogbo ilé sì mọ̀, wọn kì í sọ. Bí ìjà ilẹ̀ tàbí oyè bá dé ni wọn yóò hú u jáde láti fi gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àjàyí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ta òun, síbẹ̀ ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Lójú tèmi, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà àti ìlú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ti baálé. Kí a sì fi ohun tí a kọ han àwọn ọmọ rẹ̀ kí ará ìta tó kà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ó bá ṣì wà. Ẹ bi í ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé bàbá rẹ̀ kí ó tó relé ọkọ, àti ẹni tí wọ́n jọ sùn ní yàrá kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bi í sí i.