Láti Bọ́lẹ̀kájà dé Jíìpù tí a Gé: Ìtàn Ọkọ̀ Ẹrù ní Àríwá Èkìtì

Reluwéè kò dé Èkìtì rí. Ojú irin tó gbéra ní Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ìhà Ìlọrin lọ. Ó fi Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé sílẹ̀ lápá ìlà-oòrùn. Kòkó tí àwọn baba wa kó nínú oko, orí ni wọ́n ń fi rù ú dé Òṣogbo, ìrìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ará Èkìtì fi fẹ́ràn ọkọ̀ tó lè ru ẹrù ju ọkọ̀ tó kàn ń dán lọ, ọrùn tó ń dun àwọn alárù yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́rì ló gbà wọ́n. Nígbà tí títì la láti Ìfàkì gba Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò, ẹrù bọ́ lórí èèyàn. Ọkọ̀ tó gorí títì yẹn, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló kàn án. Bedford àti Austin ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ṣásí, táyà àti iwájú níbi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń parí rẹ̀. Wọ́n á la pákó tó le, wọ́n á dè é mọ́ ṣásí, wọ́n á gbé òrùlé lé e, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀ kí èrò lè jókòó ti ẹrù. Ẹni tó mọ ọ̀dà á kùn á wá kọ àdúrà olówó ọkọ̀ sí iwájú. Àpò kòkó, ewúrẹ́, iṣu àti ìyá ọlọ́jà, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo wọn. Bọ́lẹ̀kájà la sọ ọ́, nítorí ìjà èrò tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń jà. Lójú tèmi, iyì àwọn káfíńtà náà sọnù sínú orúkọ ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ìdajì ọkọ̀ ni wọ́n kàn, ìtàn kì í sì í sábà dárúkọ wọn.

Àwa nìkan kọ́ ló ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ọsirélíà, ìyàwó àgbẹ̀ kan kọ̀wé sí Ford ní 1932 pé òun ń fẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì máa ru ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé. Lew Bandt, ayàwòrán ọkọ̀ ní Ford, ló ya á, ọkọ̀ náà sì jáde ní 1934. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Binz ń fi ìjókòó kejì sínú ọkọ̀ ẹrù Volkswagen láti 1953, kí Volkswagen fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1958. Bí obìnrin Ọsirélíà yẹn bá jẹ́ ará Ìlúpéjú-Èkìtì, iṣu ni ì bá fi rọ́pò ẹlẹ́dẹ̀.

Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 di ẹṣin àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Tòkunbọ̀, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, gba títì.

Ibẹ̀ ni jíìpù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ń gé ẹ̀yìn jíìpù tòkunbọ̀ kí ó lè di píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí Toyota gbé 4Runner jáde ní 1984, Hilux ni wọ́n fi òrùlé bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wẹ́dà tó bá gé ẹ̀yìn 4Runner, ó ń dá a padà sí ìdí rẹ̀ ni.

Mo ti dúró ti irú iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì kí iná má baà ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Wọ́n sọ táǹkì epo kalẹ̀. Panẹ́bítà fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, ó fi okùn wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì kí ilà má baà wọ́. Ẹ̀rọ ìgérin ké, iná ń ta, òrùlé ẹ̀yìn sì ká kúrò. Wọ́n fi páànù dí ẹ̀yìn ìjókòó, wọ́n ki gíláàsì bọ̀ ọ́. Òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo tẹjú mọ́ jù, torí òun ni bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́: wọ́n fi páìpù onígun mẹ́rin tì í nínú kí wọ́n tó jó o pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ló ṣeé gé, èyí sì ń ká mi lára. Lexus RX 300 àti Toyota Highlander kò ní ṣásí. Ara Camry ni wọ́n ti yọ wọ́n, òrùlé wọn wà lára ohun tó gbé ọkọ̀ dúró. Nissan Pathfinder ti 1996 sí 2004 náà kò ní; ti 2005 ló tún ní in. Ẹni tó bá gé aláìní-ṣásí, bí ẹrù bá ti wúwo, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò ní pa mọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé. Ó wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa wá ṣírò ẹrù tí irin lè gbà, kí panẹ́bítà náà sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fetí gbọ́ irin tó fẹ́ là.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ kó sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo wí. Àgbẹ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Òrùlé tí wọ́n gé ṣì fara ti ògiri. Ìyá kan ti ní kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀, òun fẹ́ fi bo ilé adìẹ.