Ta Ló Ba "No Digas" Jẹ́?

Bí ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà bá délẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Bràsíl nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ Hilario Campos, tí ìdílé rẹ̀ ti Kúbà bọ̀, ló kọ́ Cuban Lodge sí òpópó Ọdúnlámì ní 1931, orúkọ ìdílé náà sì ni Campos Square ń jẹ́. Àìka Kúbà sí yìí ló jẹ́ kí àwọn kan máa sọ pé Potogí tó dàrú lẹ́nu àwọn ará Kúbà ni wọ́n ń pè ní Sípáníìṣì. Ẹ̀rí wọn? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀. "Sọ ọ́" ni *di*. "Má sọ ọ́" ni *no digas*. Níbo ni *g* yẹn ti jáde?

Ìtàn yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. *Não digas* ni Potogí náà ń wí. Látìn ló bí àwọn méjèèjì. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Látìn a máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà fún ohun tí a ń fẹ́ tàbí tí kò tíì ṣẹ kìlọ̀ fún ènìyàn: *ne dicas*, ìyẹn "kí o má ṣe sọ". *C* inú *dicas*, tí wọ́n ń pè bíi *k*, rọ̀ di *g* torí ó bọ́ sáàárín fáwẹ̀lì méjì. Ṣùgbọ́n níbi tí *e* tàbí *i* ti tẹ̀ lé e, ó yí pátápátá: *dicis* di *dices*, tí ará Kúbà ń pè bíi "díses". Ẹ ò rí i pé *dices* tí gbogbo ayé gbà pé ó tọ́ ló jìnnà sílé jù? *Di* ńkọ́? *Dic* ni Látìn fúnra rẹ̀ ń wí. Ó ti kúrú kí ẹnikẹ́ni tó dé Havana.

Àwa náà ń yí nǹkan padà bí a bá ń kìlọ̀: "kò lọ", àmọ́ "má lọ". Kò sẹ́ni tó ní "má" ni "kò" tó bàjẹ́.

Mi ò ní gbogbo *g* ló wá láti ilé o. *No tengas* jí tirẹ̀ ni, ó fara wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; *teneas* inú Látìn ò ní *g* rárá. *No seas*, "má jẹ́ bẹ́ẹ̀", ló wù mí jù. Ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "jókòó" ló ti wá, *sedeas*. Ibẹ̀ náà ni *não sejas* ti Potogí ti wá. *D* ọ̀hún di *j* lẹ́nu ará Lisbon. Lẹ́nu ará Spéènì, ó pòórá.