Bésíbọ́ọ̀lù àti Sọ́fítìbọ́ọ̀lù ní Ìpínlẹ̀ Oklahoma

Ìpínlẹ̀ wa kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì bésíbọ́ọ̀lù tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Oklahoma City Comets àti Tulsa Drillers, tí wọ́n ń gbá ní líìgì kékeré, wà lábẹ́ ẹgbẹ́ Dodgers ti Los Angeles. Ẹni tí ó bá ta yọ ní Tulsa ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ sí Oklahoma City. Láti ibẹ̀, ó ku ìgbésẹ̀ kan péré kí ó dé Los Angeles. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ràn kò bá sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Síbẹ̀, lójú tiwa, sọ́fítìbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni ó gbé orúkọ ìpínlẹ̀ yìí ga jù. Àwọn Sooners ti Yunifásítì Oklahoma gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè léraléra láti ọdún 2021 títí dé 2024, ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣe rí ṣáájú wọn. Jocelyn Alo, tí ó parí ní 2022, gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà pápá nígbà 122, iye tí ó ju ti gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Devon Park ní Oklahoma City ni àṣekágbá ìdíje náà ti máa ń wáyé lọ́dọọdún. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Los Angeles ni yóò gbàlejò Òlíńpíìkì 2028, pápá yìí kan náà ni wọ́n yàn fún sọ́fítìbọ́ọ̀lù rẹ̀.