Ọdẹ oryx ní New Mexico: bí Mùsùlùmí ṣe lè múra sílẹ̀, àti bí yóò ṣe tọ́jú ẹran rẹ̀ kó má baà di haramu

Oryx kan ṣoṣo lè fún ilé kan ní ẹran tí wọn yóò máa jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó ti jẹ ẹ́ sọ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹran ìgbẹ́ tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló lè bà á jẹ́ mọ́ Mùsùlùmí lọ́wọ́: kí ó má dárúkọ Ọlọ́hun nígbà tó ń yìnbọn, kí oòrùn aṣálẹ̀ mú ẹran náà rà kó tó dé inú yìnyín, àti kí àwọn tó ń bá a lọ ẹran po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ, láti orí gbígba ìwé àṣẹ títí dé orí ìkòkò ọbẹ̀.

Irú ẹran wo ni oryx?

Oryx jẹ́ ẹranko ńlá tó ń jẹ koríko, ó sì jẹ́ ìbátan ẹtu àti àgbọ̀nrín. Ìwo rẹ̀ méjèèjì gùn, wọ́n sì mú ṣóṣóró bí ọ̀kọ̀. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà. Èyí tó wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ń pè ní al-mahā. Wọ́n dọdẹ rẹ̀ títí tí kò fi sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó ní ọdún 1972. Àwọn tí wọ́n ti kó pamọ́ sínú ọgbà ẹranko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sí ilẹ̀ Oman ní ọdún 1982. Èyí tó wà ní etí Sàhárà náà parẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sí ilẹ̀ Chad ní ọdún 2016. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dọdẹ irú méjì yìí nínú igbó.

Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni gemsbok, oryx ti ìhà gúúsù Áfíríkà, tó pọ̀ ní Namibia, Botswana àti South Africa. Akọ rẹ̀ lè wọn nǹkan bí 180 sí 240 kìlógíráàmù. Akọ àti abo ló ní ìwo. Ìwo abo sábà máa ń gùn jù, ó sì máa ń tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ti akọ máa ń nípọn ní ìdí.

Ní ti ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sí ìyàn jíjà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹran abìjà-eyín tó ń pa ẹran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, koríko ló ń jẹ. Àwọn onímímọ̀ kà á mọ́ màlúù ìgbẹ́, ẹ̀tọ́ sì ni ẹran rẹ̀.

Báwo ló ṣe dé Amẹ́ríkà?

Láàárín ọdún 1969 sí 1977, àjọ tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ New Mexico kó oryx tí kò tó 100 sí ibùdó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní White Sands Missile Range. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọdẹ ìpínlẹ̀ náà rí ẹran ńlá pa. Ní Áfíríkà, kìnnìún àti ìkookò ló ń dín wọn kù. Ní New Mexico, kò sí kìnnìún bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà nínú ọdún sì ni wọ́n ń bímọ. Ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i títí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n sì ń ba koríko ilẹ̀ náà jẹ́. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń fún àwọn ọdẹ láyè lọ́dọọdún láti pa nínú wọn.

Gbígba ìwé àṣẹ

Kò sí ẹni tó lè ṣàdédé gbé ìbọn wọgbó. Kèké ni wọ́n sábà máa ń ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dọdẹ yóò fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àjọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò sì dúró de èsì. Nínú ìwé àṣẹ 100, 84 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùgbé New Mexico, 10 fún àwọn tó gba afinimọ̀nà, 6 péré ló kù fún àwọn àlejò tí kò gba afinimọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Texas tàbí Maryland ní láti mọ̀ pé ó lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dún púpọ̀ kó tó bọ́ sí i.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni ọdẹ inú ibùdó ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé àṣẹ ti ibẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Ẹni tó bá ti gbà á kò tún lè gba irú rẹ̀ mọ́. Ti èkejì ni ọdẹ ẹ̀yìn ibùdó, tó wà lóṣooṣù. Oryx kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti inú ibùdó, ọdẹ yóò sì rìn dáadáa kó tó rí i. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ aládàáni, ẹ gba àṣẹ onílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́hun.

Inú ibùdó náà ni wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò láyé, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1945. Bọ́ǹbù tí kò tíì bú ṣì wà nílẹ̀ káàkiri. Bí ẹ bá rí irin tí ẹ kò mọ ohun tó jẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí àwọn aláṣẹ bá sọ níbi ìpàdé tí wọ́n máa ń ṣe kí ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ó kó dání

Ìbọn tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́ dáadáa, irú .270, .30-06 tàbí .300 Win Mag, tí ẹ ti fi yìn sí àmì lọ́pọ̀ ìgbà nílé. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Omi púpọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, nítorí pé oryx lè pẹ́ láìmu omi ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ méjì tó mú. Àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, tí eṣinṣin kò sì lè wọ̀. Kúlà ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kún fún yìnyín, kí wọ́n wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe ohun tí ẹ máa wá kiri lẹ́yìn tí ẹran bá ti kú.

Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ lo ọta tí wọ́n fi bàbà ṣe. Ọta òjé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọ kékeré àti aboyún.

Òfin ẹ̀sìn kí a tó yìnbọn

Inú Sūratul-Mā'idah ni Ọlọ́hun ti ṣe ẹran ọdẹ ní ẹ̀tọ́ fún wa, Ó sì kọ̀ ọ́ fún ẹni tó wà nínú ìhrāmù. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì là á yé Adiyy ọmọ Hātim pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó jẹ èyí tí ohun ìjà rẹ̀ gún wọlé, kí ó sì fi èyí tó kú nípa lílù lásán sílẹ̀.

Nínú èyí la ti rí ohun tó yẹ kí ọdẹ máa ṣọ́:

1. Kí ó wí Bismillāh, Allāhu akbar nígbà tó fẹ́ fa ìbọn. Kì í ṣe nígbà tó ń ki ọta bọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe nígbà tó kúrò nílé. Bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onímímọ̀ yapa lórí ẹni tó gbàgbé. Ẹni tó bá ti fi kọ́ra níbi tó ti ń yìn sí àmì kò ní bọ́ sínú ìyapa náà.

2. Kí ohun ìjà náà gún ara ẹran, kí ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dé, àwọn aáfà kan ṣiyèméjì sí ọta. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀ òde òní gbà pé ọta ìbọn ń gún ni, kì í ṣe lílù.

3. Kí ó jẹ́ ìwọ Mùsùlùmí lo pa á. Afinimọ̀nà lè fẹ́ yìnbọn tẹ̀ lé ti àlejò rẹ̀ kí ẹran má baà sá lọ. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú Imāmu Mālik, tí ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé, a kì í jẹ ẹran ọdẹ tí Kìrìsìtẹ́nì tàbí Júù pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Imāmu mìíràn gbà á láyè.

4. Kí ó má jẹ́ eré. Ànábì kọ̀ fún wa láti sọ ohun abẹ̀mí di àmì tí a ó máa yìn sí. Ẹni tí ìwo nìkan wù, tí ẹran kò wù, kí ó jókòó sílé.

Ibi tí a ó yìn ín sí

Awọ oryx nípọn ní ọrùn àti èjìká, kì í sì í tètè kú. Ọkàn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ iwájú ju bí ọ̀pọ̀ ọdẹ ṣe rò lọ. Nígbà tó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gòkè, kí ẹ yìn ín ní ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí yín, tàbí tó jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín dá lójú lọ, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó gba ọgbẹ́ tó sì sá lọ yóò jìyà, ẹran rẹ̀ yóò sì ṣòfò.

Nígbà tó bá ṣubú

Ẹ má sáré lọ bá a. Oryx tó gba ọgbẹ́ lè fi ìwo gún ènìyàn pa. Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kí ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi igi gígùn kan ojú náà.

Bí ó bá ti kú, ó ti di ẹ̀tọ́, kò tún sí pé à ń dúńbú rẹ̀. Bí ó bá ṣì dìde dúró tó ń ju ìwo, kò tíì sí níkàáwọ́ yín. Ẹ tún yìn ín pẹ̀lú Bismillāh. Ṣùgbọ́n bí ó bá dùbúlẹ̀ tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹ sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìséwu, ọ̀bẹ ló kù. Ẹ di ìwo rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ẹ wí Bismillāh, kí ẹ gé ọ̀nà ọ̀fun àti iṣan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lè dúńbú tó sì wòran títí ẹran fi kú, òkúǹbete ló fẹ́ jẹ.

Bí ó bá sọnù tí ẹ rí i lọ́jọ́ kejì, tí kò sí àpá mìíràn lára rẹ̀ ju ti ọta yín lọ, ẹ̀sìn gbà á láyè bí kò bá tíì rà. Ní aṣálẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó má rà.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ so táàgì ìwé àṣẹ mọ́ ọn bí òfin ṣe wí.

Títọ́jú ẹran náà

Ooru ni ọ̀tá. Láàárín dígírì 4 sí 60 Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ jù. Ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ bó awọ rẹ̀ kíá, nítorí pé awọ tó nípọn yẹn ń há ooru mọ́ inú. Ẹ kó ìfun jáde láìgún un, ẹ sì ṣọ́ra fún àpò ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú àyà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣíṣàn, haramu ni. Ẹ dà á nù, kí ẹ nu ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó kù nínú ẹran lẹ́yìn èyí kò léèwọ̀.

Ẹ gé apá méjèèjì, itan méjèèjì, ẹran ẹ̀yìn, ẹran ọrùn àti ti ìhà. Ẹ gé ibi tí ọta gbà kọjá dànù, kí ẹ sì gé e fẹ̀ díẹ̀. Ẹ kó ìyókù sínú àpò aṣọ títí yóò fi tutù, lẹ́yìn náà sínú kúlà. Ẹ ṣí ojú ihò ìsàlẹ̀ kúlà kí omi máa jò jáde, ẹran kò gbọdọ̀ rì sínú omi. Òfin New Mexico fìyà jẹ ẹni tó bá fi ẹran tó ṣe é jẹ sílẹ̀ sínú igbó, ìnáàkúnàá sì ni lójú Ọlọ́hun.

Ilé tí wọ́n ti ń gé ẹran

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ṣìṣe. Ẹran oryx kò lọ́ràá, nítorí náà àwọn tó ń lọ̀ ọ́ tàbí tó ń fi ṣe sọ́séèjì sábà máa ń po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kò ní bi yín, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó gbé ẹran sílẹ̀: kí ni ẹ ń pò mọ́ ọn? Ṣé ẹ̀rọ yìí náà lẹ fi ń lọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀? Ṣé ẹran tèmi ni yóò padà wá, àbí ẹ ó da tàwọn ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ ọn? Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá màlúù halal tí ẹ mú wá pò ó, kí wọ́n sì fọ ẹ̀rọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gé e fúnra yín nílé. Ẹ̀rọ ìlọran kékeré kò wọ́n tó ẹran tí ẹ máa jù nù.

Sísè àti pínpín

Nítorí àìlọ́ràá rẹ̀, ẹran ẹ̀yìn kò fẹ́ iná púpọ̀. Èyí tó le, irú ọrùn àti apá, ẹ sè é jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ jiná dé dígírì 71. Èyí tó kù, ẹ dì í pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kó o sínú fírísà.

Òfin kò gbà kí a ta ẹran ìgbẹ́ yìí. Ẹ̀bùn ni a lè fi ṣe. Ẹ kọ ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e, kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ pa á tí ẹ sì fi ta á lọ́rẹ, kí ẹni tó gbà á má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ẹ dárúkọ Ọlọ́hun sí i, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ má gbàgbé aládùúgbò àti aláìní.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ. Kí Ó fi alubarika sí oúnjẹ wa, kí Ó sì má jẹ̀ẹ́ kí a jẹ haramu láìmọ̀. Āmīn.